Orúkọ Tí Dádì Yín Gbé Bọ̀ Láti Toowoomba

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè gbé oyún sínú kí n sì sáré bá bọ́ọ̀sì lójú títì Harrow Manorway ní Thamesmead níbí… ẹ má rẹ́rìn-ín o. Dúpẹ́, ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, ọwọ́ rẹ ni mo fà dání nígbà náà. O wọ kóòtù pupa kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já tán, o sì ń sunkún pé mò ń fà ọ́ jù. Àbúrò rẹ yìí ló wà nínú ikùn. Àjọkẹ́ yìí, tó jókòó síwájú mi lónìí, tó ń sọ fún mi pé òun ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Australia, pé òun àti ọkọ àti àwọn ọmọ ń kó lọ.

Mo ní ìlú wo? Ó ní Toowoomba. Nínú gbogbo ìlú tó wà láyé. Mo ní kó tún un pè, ó tún un pè. Mo ní kí ẹ bu omi fún mi.

Ẹ gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi fóònù yẹn gba ohùn mi sílẹ̀, ẹ gbé e sórí àga, kó máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi ni kí ẹ máa wò. Dádì yín ti gbé ìlú yẹn rí. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ìdí tó fi padà wá, torí òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ fún yín títí ó fi dolóògbé. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní òtútù orí òkè ni ò bá òun lára mu. Òtútù kẹ̀? Ọkùnrin tó ń gbé Thamesmead, tí atẹ́gùn odò ń fẹ́ lù láàárọ̀ lálẹ́? Irọ́ ni. Irọ́ rere ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Ẹ̀yin ń rí Woolwich tó múlé ti Thamesmead wa báyìí, ilé gíga létí odò, rélùwéè tuntun, ife kọfí kan tí owó rẹ̀ tó owó ọbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn 1990, iṣẹ́ ń sá kúrò ní Woolwich. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó kó èrò wá síbẹ̀ látijọ́, òmíràn ti kú, òmíràn ń kú lọ. Ẹ máa rí ọkùnrin tó dúró lójú títì lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò, kò lọ, kò bọ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n bí síbẹ̀ ń kó lọ sí Kent, àwa sì ń kó wọlé. Ẹ ò rí nǹkan bí? Iṣẹ́ ń jáde, èrò ń wọlé. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dúró ní Tavy Bridge, àdúgbò wa ní Thamesmead, lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń sọ̀ odó kalẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé tiwa ni.

Iṣẹ́ tó kù fún wa ni èyí tí àwọn onílé ò fẹ́. Ká fọ ọ́fíìsì, ká tọ́jú arúgbó, ká wa bọ́ọ̀sì. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé kan ní Shooters Hill. Mo fẹ́ràn wọn, àwọn náà fẹ́ràn mi, inú mi kì í bàjẹ́ síṣẹ́ yẹn. Ti Dádì yín ni ò dáa.

Káfíńtà ni Dádì yín, kì í sì í ṣe káfíńtà àga àti bẹ́ẹ̀dì. Igi òrùlé niṣẹ́ tirẹ̀. Abẹ́òkúta ló ti kọ́ ọ. Á gun orí ilé tí wọn ò tí ì bò, á máa rìn lórí igi tín-ín-rín bí ẹni ń rìn ní pálọ̀, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́. Ó dé London, wọ́n fún un ní móòpù. Ó ń fọ ọ́fíìsì ní Woolwich. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ilé tí council fún wa ní Tavy Bridge, kọ́ńkéré ni, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Òjò á rọ̀, omi á dúró síbẹ̀, á máa wá ọ̀nà tó máa gbà wọlé. Ògiri yàrá dúdú fún ọ̀rinrin. Dádì yín á dùbúlẹ̀, á máa wo àjà, á ní, “Àbẹ́kẹ́, ta ló kọ́ ilé tó gbàgbé òrùlé?” Èmi á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọkùnrin kan tún wà nígbà náà tí wọ́n máa ń sọ ẹyin lu ilẹ̀kùn wa. Wọ́n á pariwo pé kí á padà síbi tí a ti wá. Dúpẹ́ ò fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Torí náà, nígbà tí Mista Roy dá ọ̀rọ̀ Australia sílẹ̀, etí méjèèjì ni Dádì yín fi gbọ́ ọ.

Ta ni Mista Roy? Òyìnbó ará Australia ni, ó wá bójú tó àtúnṣe kan nínú ọ́fíìsì tí Dádì yín ń fọ̀. Wọ́n ti tú àjà. Ó bá Dádì yín níbi tó dúró sí, tó ń wo àwọn igi inú àjà yẹn, tó ti gbàgbé móòpù lọ́wọ́. Ó bi í pé kí ló ń wò. Dádì yín ní igi lòun ń wò. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ igi náà ò tán. Mista Roy ní àbúrò òun ń kọ́lé ní Toowoomba, pé wọn ò rí ènìyàn tó, pé èrò tó ń wọ ìlú náà ń sáré ju àwọn tó ń kọ́lé lọ. Ó bá a kọ̀wé sílé. Kò pẹ́ púpọ̀, físà jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Toowoomba nìkan ló kù nílé wa. Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú náà ná, ṣé kò dà bí orúkọ ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú? Dádì yín á jẹun tán, á nu ẹnu, á bẹ̀rẹ̀. Ó ní orí òkè ni ìlú náà wà, pé ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ilé. Ó ní oko ló wà nísàlẹ̀, àlìkámà àti màlúù, tó tẹ́ lọ bí ẹní. Àwọn àgbẹ̀ ń kó ẹran wá tà nínú ìlú, wọ́n ń mú ọmọ wá síléèwé níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé aláìsàn wá. Tí wọ́n bá wá darúgbó, wọ́n á ta oko, wọ́n á ra ilé kékeré sínú ìlú.

“Ṣé ìwọ náà rí i?” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. “Arúgbó dé, ó ń fẹ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì dé, ó ń fẹ́ ilé. Ẹni tó máa kọ́lé fún un dé, ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ tíṣà. Tíṣà dé, òun náà ń fẹ́ ilé.” Á wá na ọwọ́ sókè sí àjà tó ń jò lórí wa, á ní, “Àbẹ́kẹ́, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ òrùlé.”

Ìlànà tirẹ̀ nìyẹn. Ó ní tí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú kan ń dàgbà, òun kì í ka orí ènìyàn. Àwọn ilé tí igi òrùlé wọn ṣì wà níta lòun ń wò. Mo ní wọ́n ń kọ́lé tuntun lọ́nà etí odò níbí náà. Ó ní, “Ta ló pè mí síbẹ̀?”

Mi ò bá a jà. Ọkọ tójú rẹ̀ ń dán báyẹn lẹ́yìn ọdún pípẹ́, kí ni wàá bá a jà sí? A fẹnu kò pé kó lọ ná, kó rí bí ibẹ̀ ṣe rí, tí ọdún bá ti yípo, kí àwa náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó lọ, ọmọ inú mi ò tí ì máa mira.

Ẹ̀yin lónìí, ẹ̀ ń wo ojú ara yín nínú fóònù, ẹ ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ẹ ó máa jẹun, ẹni tó wà ní Canada ń wo òkèlè yín. Nígbà tiwa ńkọ́? Ìyá onílé tí Dádì yín gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí àyálégbé fọwọ́ kan fóònù rẹ̀. Dádì yín á rìn lọ sídìí àpótí fóònù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, àpò rẹ̀ kún fún kọ́ìn. Sátidé ló máa ń pè. Àárọ̀ tiwa, ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀. Mo máa ń gbọ́ bí kọ́ìn ṣe ń já bọ́ sínú àpótí, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mi ò gbàgbé ẹ. Ó ní, “Àbẹ́kẹ́, káfíńtà ni wọ́n ń pè mí níbí.” Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mi ò jẹ́ kó gbọ́.

Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kì í ṣe pé ó ń ráhùn o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n máa ń gbé ẹran fún un. Ọ̀gá rẹ̀ ti fi àwọn òṣìṣẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n á sọ fún mi pé tó bá di Sunday, òun á wọ sùtánà, òun á bọ́ bàtà, òun nìkan nínú yàrá, òun á dá orin, òun náà á tún gbè é. Mo ní ṣé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ni? Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, wọ́n sì gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní àmọ́ ìsìn wọn ti máa ń parí kí ara òun tó gbóná.

Àjọkẹ́, o dé. O dé wẹ́rẹ́, o ò yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ń wẹ̀ ọ́ ni Ìyá Ìjọ wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mummy Plumstead torí pé Plumstead ló ń gbé. Láràárọ̀, tó bá parí iṣẹ́ ìnulẹ̀ rẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Tavy Bridge pẹ̀lú kànrìnkàn nínú báàgì. Omi gbígbóná, òróró, á na ọwọ́ rẹ, á na ẹsẹ̀ rẹ, á di ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú, á gbé ọ sókè, á wá jù ọ́ sókè, á hán ọ. Òyìnbó obìnrin kan tó máa ń wá wọn ọmọ wá lọ́jọ́ kan, ó bá a lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó fọwọ́ bojú. Mummy Plumstead ní, “Madam, open your eye, she is enjoying.” O ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Tàbí o ń ya ẹnu lásán, ta ló mọ̀?

Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Sátidé. A ti bá Dádì yín ṣètò. Á pè nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti pé, á sọ orúkọ ọmọ, Wòlíì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á pè é sókè, ìkómọ á sì tẹ̀ síwájú. Wòlíì wa, bọ́ọ̀sì ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, ó máa ń le lórí ètò. Ó ní bàbá ọmọ ń bẹ láàyè, ẹnu rẹ̀ ni orúkọ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jáde, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ sọ ọmọ lórúkọ ṣáájú rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló le níbẹ̀?

Ẹ ò rí èrò lọ́jọ́ náà. Láti Plumstead, láti Abbey Wood, láti Woolwich, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí wá, wọ́n ní àwọn gbọ́ ni. Sùtánà funfun gba pálọ̀ kan. Gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bàtà náà tò lọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ìyá òyìnbó arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ gun òkè wá, ó rò pé a ṣòfò ni. Nígbà tó rí ọmọ, ó padà sísàlẹ̀, ó lọ mú fìlà òwú kan tó hun fúnra rẹ̀ wá. Oyin wà lórí tábìlì, iyọ̀, ṣúgà, omi nínú gíláàsì. A ń retí fóònù.

Fóònù dún. Wòlíì gbé e. Ó ní, “Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá Ìkókó.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ mọ àdúrà àwọn Wòlíì, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ gbà. Ó gbàdúrà fún ọmọ, ó gbàdúrà fún ìyá, ó gbàdúrà fún Toowoomba pé kí ìlú náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbogbo wa ń ṣe àmín. Ó parí, Mummy Plumstead gba fóònù, òun náà gbàdúrà. Ó gbé e fún ẹni tó kàn. Ẹni yẹn ní òun kàn fẹ́ kí Dádì Dúpẹ́ ni, ó kí i, ó kí i dé orí bàbá rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ó wá fi sáàmù kan dè é. Fóònù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ta ló máa ní òun ò gbàdúrà fún ẹni tó bímọ, tó dá wà lókè òkun? Ṣé ẹ máa gba fóònù kí ẹ sì gbé e fún ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀? Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀, mò ń gbọ́ bí kọ́ìn ṣe ń já bọ́, kọ̀ọ̀… kọ̀ọ̀.

Wọ́n gbé e fún Dúpẹ́. Dúpẹ́ ní, “Daddy, baby no get teeth.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni fóònù tó dé ọwọ́ mi. Ẹ gbọ́ o. Ọkọ mi tí mi ò rí láti ìgbà tí oyún ṣì kéré, mo gbé fóònù sétí, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ohun tí n ó bi í náà nìyẹn. Ta ló ń wo oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀? Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo ti jẹun. Àbẹ́kẹ́, gbọ́, kọ́ìn ti tán lọ́wọ́ mi. Orúkọ ọmọ ni…” Fóònù kú.

A dúró. Wòlíì ní á tún pè. Kò pè. A ò lè pè é padà, torí sáìtì tó ń ṣiṣẹ́ nìkan la ní nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì ti tì í lópin ọ̀sẹ̀. A kọrin, a tún kọrin. Ìrẹsì ń tutù. Ìyá òyìnbó ìsàlẹ̀ bi mí pé, “What's her name, love?” Mo wò ó, mo tún wo fóònù. Gbogbo ènìyàn wo ilẹ̀. Ilé kún, oyin wà lórí tábìlì, ọmọ ò lórúkọ. Ojú tì mí, àánú ọkọ mi sì ṣe mí, torí mo mọ̀ pé níbi tó wà, orúkọ yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mummy Plumstead ló dìde. Ó bá Wòlíì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òun gbà pé ọwọ́ bàbá ni orúkọ wà, àmọ́ ìyá àgbà láṣẹ láti fún ọmọ ní oríkì. Wòlíì ronú, ó ní ó dáa. Mummy Plumstead gbé ọ sókè, ó ní, “Ọmọ yìí, gbogbo wa la jọ ń kẹ́ ẹ. Àjọkẹ́ ni.” Ilé gbà á. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí kò pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá òyìnbó náà ń pè ọ́ ní “Ajókè”, a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dádì yín pè ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ni mo gbé fóònù. Mo sọ fún un pé Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ. Ó ní, “Ta ló fún un?” Mo ní, “Gbogbo wa.” Kọ́ìn já bọ́. Mo ní, “Ẹ wá sọ tiyín báyìí, mò ń gbọ́.” Ó ní, “Rárá. Kì í ṣe nínú àpótí yìí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn rú mi lójú. Mo ṣáà ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Tiwa ni pé kí a lọ bá a lópin ọdún. Mo ti sọ fún àwọn arúgbó mi ní Shooters Hill, wọ́n ń sunkún. Àpótí ti wà láàárín pálọ̀, ìwọ Àjọkẹ́ ti ń rákòrò yí i ká. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Dádì yín ni, àpótí iṣẹ́ lọ́wọ́ kan, báàgì lọ́wọ́ kejì. Mo ní, “Ṣé ẹ wá kó wa ni?” Ó ní, “Rárá o. Mo wá sọ orúkọ ni.”

Nígbà tó jẹun tán, ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, nígbà tí fóònù kú, òun dúró sínú àpótí yẹn, orúkọ wà lẹ́nu òun. Òun yí padà kí òun lè rí ẹni tí òun máa sọ ọ́ fún. Títì náà gbòòrò, ó mọ́ tónítóní, iná wà ní gbogbo ilé, àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òun ló kan òrùlé wọn. Kò sí ẹni tí òun lè pè. Òun wá lọ sílé, òun sọ fún ìyá onílé pé wọ́n ń kó ọmọ òun jáde lónìí. Obìnrin náà ṣe dáadáa, ẹ má pè é ní ènìyàn burúkú. Inú rẹ̀ dùn, ó gé kéèkì fún un, ó ní ó dára púpọ̀. Dádì yín ní, “Àbẹ́kẹ́, mo dúró. Mo jẹ kéèkì náà tán. Kò bi mí pé kí lorúkọ rẹ̀.”

Ó ní ìlú náà dára. Ó ní ó ń dàgbà, á tún dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ò ní kábàámọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n tí òun bá kú síbẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo òrùlé tí òun kàn á wà níbẹ̀, ẹnu kan ò sì ní wà tó máa pe orúkọ ọmọ òun.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pé. Bàtà tún tò dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Oyin tuntun, omi tuntun. Wòlíì ní, “Bàbá Ìkókó, ẹ sọ orúkọ ọmọ.” Dádì yín gbé ọ lọ́wọ́, o ti tóbi, ò ń fa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé ẹnu sí etí rẹ, ó sọ nǹkan kan síbẹ̀. Èmi tí mo dúró tì í nìkan ni mo gbọ́. Ó wá gbójú sókè sí èrò, ó ní, “Àjọkẹ́ ni.” Ariwo tó sọ, mo rò pé àjà tó ń jò yẹn á já lù wá.

Ṣé kò pàdánù nǹkan kan? Tí mo bá ní kò pàdánù, irọ́ ni mo pa. Ó padà sídìí móòpù. Nígbà tó yá ló wá di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Wòlíì ló mú un dé ibẹ̀. Kò kan òrùlé kankan mọ́ títí ayé rẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, tí mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tó ń jò, á wo òkè, á ní, “Ní ọ̀hún…” Kì í parí ọ̀rọ̀ náà. Ó máa ń dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe jókòó yìí.

Òun ní ìlànà tirẹ̀, èmi náà ní tèmi. Tèmi ò ju pé kí n bímọ síbẹ̀, kí n wo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú kan lè kún dẹ́nu kó má sí bàtà kankan lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Woolwich àti Thamesmead tí iṣẹ́ ń sá kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn, tó ń jò lé wa lórí, tó ń sọ ẹyin lu ilẹ̀kùn wa, bàtà ò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà wa. Lónìí ńkọ́? Wọ́n ti wó Tavy Bridge àtijọ́, ilé tuntun ló wà níbẹ̀. Mummy Plumstead ti sùn. Wòlíì ti padà sílé. Tí ẹ bá bímọ báyìí, àwòrán òdòdó lẹ fi ń ránṣẹ́ sí ara yín nínú fóònù. Ẹ ní ẹ ti kí ara yín. Ó dáa.

Àjọkẹ́, má sunkún, gbọ́ mi. O ní àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí, o ní gàrí pàápàá wà níbẹ̀. Ọlọ́run ṣeun. Èyí tí ojú bàbá rẹ rí, kò ní jẹ́ tìrẹ. Lọ. Mi ò ní dá ọ dúró. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa padà síbẹ̀.

Orúkọ tó sọ sí etí rẹ lọ́jọ́ yẹn, Ọláńrewájú ni. Ó ní orí òrùlé kan lòun ti rò ó, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òun rí gbogbo ìlú yẹn tó tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ òun, ilé tuntun lórí ilẹ̀ pupa. Ó ní, “Àbẹ́kẹ́, ìlú yẹn ló ni orúkọ yìí. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní Thamesmead, má fi pè é. Tí ọmọ yìí bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí o fún un.” Mo ti gbé e pa mọ́ láti ìgbà tí ò ń rákòrò. Gbà á, tìrẹ ni.

Tí o bá débẹ̀, wá àdúgbò tó ti kan òrùlé. Ilé náà á ti gbó díẹ̀, àwọn òrùlé ọ̀hún ò ní tíì tẹ̀, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dúró síbẹ̀, pe orúkọ rẹ sókè, méjèèjì. Tí obìnrin kan bá ń kọjá tó sọ fún ọ pé òun bímọ tàbí ọmọ òun bímọ, jọ̀wọ́, bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.

Kí o wá pè mí. Mo ti ṣèlérí fún ara mi láti ọjọ́ pípẹ́: ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà jíjìn pè mí, n ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí n tó gbàdúrà. Àmọ́ n ó kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ìyẹn ò lè yí padà lára mi.